Àwòrán Wo Ló Yẹ Kó Wà Níbí? Ọ̀nà Tí A Lè Gbà Parí Aáwọ̀ Lórí Àwòrán Nínú Wikipéédíà

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin olùkọ̀wé àti olóòtú Wikipéédíà Yorùbá, mo kí yín kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń ṣàtúnṣe àyọkà fún ìgbà díẹ̀ ti mọ̀ pé gbólóhùn kì í sábà dá ìjà sílẹ̀ tó àwòrán. Gbólóhùn ṣeé tún kọ: a lè fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí a yọ òmíràn, kí tọ̀tún tòsì sì rí nǹkan tirẹ̀ nínú rẹ̀. Àwòrán kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Yálà ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí ó bá sì wà lókè àyọkà, òun ni òǹkàwé kọ́kọ́ ń rí kí ó tó ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ohun tó bá sì kọ́kọ́ rí ni yóò fi wo gbogbo ìyókù.

Ìdí pàtàkì tí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi í parí bọ̀rọ̀ ni pé àwọn tó ń jà kò jọ jà lórí ohun kan náà. Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ni àwòrán. Èkejì ń sọ̀rọ̀ nípa bóyá òótọ́ ni ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò jiyàn lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ohun tó ń sọ ni pé àwòrán náà kò yẹ ní ibi tí a fi í sí. Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ibi tí a ti ń dá wọn sì yàtọ̀. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ èkíní lọ sí ilé èkejì lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní rí ìdájọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àwòrán kúrò lọ́nà. Láti ọdún 2004 ni Wikimedia Commons ti wà, níbi tí Wikipéédíà ní èdè tó lé ní 300 ti jọ ń mú àwòrán lò, fáìlì tó wà níbẹ̀ sì ti lé ní 100,000,000. Bí wọ́n bá pa fáìlì kan rẹ́ níbẹ̀, yóò pòórá nínú àyọkà Gẹ̀ẹ́sì, ti Faransé àti ti Yorùbá lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé àwòrán tí a lò jẹ́ ohun tí a kó láti inú ìwé ìròyìn tàbí láti ojú ewé Facebook ẹlòmíràn, kì í ṣe ojú ewé Ọ̀rọ̀ ti àyọkà wa, níbi tí àwọn olóòtú ti ń jíròrò lórí àyọkà, ni a ó ti yanjú rẹ̀. Commons ni a ó gbé e lọ, níbi tí wọ́n sábà máa ń fi ọjọ́ méje sílẹ̀ fún àríyànjiyàn kí alámùójútó tó pinnu. Bí gbogbo wa tilẹ̀ fohùn ṣọ̀kan níbí pé àwòrán náà rẹwà, ìfohùnṣọ̀kan wa kò lè sọ ohun olóhun di ọ̀fẹ́.

Ohun kan wà tó máa ń rú àwọn ènìyàn wa lójú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ṣe ìnáwó, tó pe onífọ́tò, tó sì sanwó fún un, gbà pé òun ló ni fọ́tò náà, nítorí pé òun ló wà nínú rẹ̀, owó òun sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ olóṣèlú tó gbé àwòrán bàbá rẹ̀ sórí Commons ṣe máa ń kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó di kámẹ́rà mú ni òfin sábà máa ń kà sí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, ìyẹn àṣẹ láti pinnu ẹni tó lè lo iṣẹ́ náà. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí onífọ́tò náà fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda, kí ó fi í ránṣẹ́ láti orí ímeèlì rẹ̀ sí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí Wikimedia yàn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ìdajì ìbínú tí a ń rí lórí àwòrán àwọn gbajúmọ̀ ì bá rọlẹ̀ bí a bá ń ṣàlàyé èyí fún àwọn ẹni tuntun ní pẹ̀lẹ́tù kí a tó pa fáìlì wọn rẹ́.

Òfin Wikipéédíà kan kò sì bá ti èkejì mu pátápátá. Ìpinnu tí Wikimedia Foundation, àjọ tó ń bójú tó Wikipéédíà, ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2007 fún Wikipéédíà kọ̀ọ̀kan láyè láti ṣe ìlànà tirẹ̀ lórí àwòrán tí kì í ṣe ọ̀fẹ́, ìyẹn èyí tí olóhun kò tíì yọ̀ǹda fún gbogbo ènìyàn láti lò, bí kò bá ti pọ̀ jù. Ti Gẹ̀ẹ́sì gbà á pẹ̀lú àwọn àdéhùn tó le. Ti Jámánì kò gbà á rárá. Fẹlá Aníkúlápó Kútì kú ní ọdún 1997, kò sí ẹni tó tún lè lọ ya fọ́tò rẹ̀, nítorí náà ẹnìkan lè jà fún àwòrán tí kì í ṣe ọ̀fẹ́ lórí rẹ̀ nínú Wikipéédíà Gẹ̀ẹ́sì bí ọ̀fẹ́ kò bá sí. Ẹni tó bá wà láàyè, bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni lè pàdé rẹ̀ níbi àpéjọ kan kí ó sì ya fọ́tò ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní máa bínú pé wọ́n ṣojúsàájú.

Ẹjọ́ kejì ni ti òótọ́, ibẹ̀ sì ni a ti lè tètè rí àlàáfíà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe àwòrán ló ní àbùkù bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo àyọkà lórí Mọrèmi Àjàṣorò. Kò sí fọ́tò Mọrèmi, kò sì lè sí. Ohun tí ó wà ni ère gíga tí Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹnìtàn Ògúnwùsì gbé kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láyé tiwa yìí. Bí a bá fi àwòrán ère náà sókè àyọkà, tí a sì kọ «Mọrèmi» sábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò kò jẹ̀bi, nítorí pé ojú àti aṣọ tí oníṣẹ́ ọnà fi inú rò ni a gbé fún òǹkàwé pé òun ni obìnrin náà. Bí a bá kọ «Ère Mọrèmi ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ìgbà Ọọ̀ni Ògúnwùsì», àwòrán kan náà ti di òtítọ́. Ìjà tí ì bá gba ọ̀sẹ̀ kan parí sínú gbólóhùn kan. (Ó ku ti ẹ̀tọ́ ẹni tó gbẹ́ ère náà o, ṣùgbọ́n ẹjọ́ èkíní nìyẹn, Commons ni ilé rẹ̀.)

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn orí idẹ Ifẹ̀ rí. Ní ọdún 1938 ni wọ́n hú ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ́nù títí di òní. Bí ẹnìkan bá fi ọ̀kan lára wọn sí àyọkà Odùduwà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi í ni pé: ìwé wo ló sọ pé Odùduwà ni? Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí. Àmọ́ orí kan náà wúlò gan-an nínú ìpín tó ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ àtijọ́, bí a bá ti sọ ibi tí wọ́n ti rí i àti ìgbà tí wọ́n rí i. Bí a bá lè gbé àwòrán kúrò ní ibi tí ó ti ń parọ́ lọ sí ibi tí yóò ti sọ òótọ́, kò sí ìdí láti pa á tì.

Irú èyí tó le jù nílẹ̀ wa ni ti oyè. Bí ọba bá wàjà, tí ìdílé méjì sì wà ní kóòtù lórí ẹni tí yóò gorí ìtẹ́, ẹni tó bá fi àwòrán ọ̀kan nínú wọn, pẹ̀lú adé lórí, sínú àpótí tó wà lápá ọ̀tún àyọkà ìlú náà ti dá ẹjọ́ ṣáájú adájọ́. Ọ̀rọ̀ inú àyọkà lè sọ pé «ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù», ṣùgbọ́n àwòrán kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, kí àpótí náà wà láìsí àwòrán ọba kankan títí ẹjọ́ yóò fi parí. Àwòrán ààfin tàbí ti ọjà ọba tó.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù: ẹjọ́ ti yíyẹ. Ẹni tó ni àwòrán ti mọ̀, ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, síbẹ̀ ẹnìkan sọ pé ká yọ ọ́. Àwọn ìjà ńlá tí Wikipéédíà Gẹ̀ẹ́sì ti jà lórí èyí wúlò fún wa, nítorí pé wọ́n gba ibi tí a kò tíì dé kọjá.

Ní ọdún 2009, dókítà kan ní Kánádà gbé gbogbo àwòrán àbàwọ́n yíǹkì mẹ́wàá tí Hermann Rorschach, ará Switzerland tó kú ní ọdún 1922, fi ń yẹ ọpọlọ ènìyàn wò sórí Wikipéédíà. Ẹ̀tọ́ àdàkọ wọn ti tán. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ fárígá: wọ́n ní bí aláìsàn bá ti rí àwòrán náà tẹ́lẹ̀, tó sì ti ka ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ pé àwọn rí nínú rẹ̀, àyẹ̀wò náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn olóòtú dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ ìwé ìmọ̀ ni láti fi ohun tó ń ṣàlàyé han òǹkàwé. Àwọn àwòrán náà kò kúrò. Mo gbà pé ìpinnu náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka àríyànjiyàn náà ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ni kò fetí sí ohun tí àwọn oníṣègùn ń sọ, tí wọ́n kàn ń tún un sọ pé «a kì í dí nǹkan mọ́ òǹkàwé». Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ní ẹ̀tọ́ láti rí i pé wọ́n gbọ́ tẹnu òun.

Èyí tó jinlẹ̀ jù lọ, tó sì kan ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, ni ti àyọkà lórí Ànábì Muhammad. Láti ọdún púpọ̀ ni àwọn Mùsùlùmí kárí ayé ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ àwọn àwòrán tó fi ojú rẹ̀ hàn, àwọn tí wọ́n yà sínú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ ní Páṣíà àti ní ilẹ̀ ọba Ottoman. Ní ọdún 2008, àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lé ní 100,000. Apá kan ní ìwà ọ̀wọ̀ ni kí a yọ wọ́n. Apá kejì ní ìwé ìmọ̀ kò lè gba òfin ẹ̀sìn kan. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Onídàájọ́ Wikipéédíà Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 2012 nípa pípàṣẹ kí gbogbo àwùjọ olóòtú ṣe àríyànjiyàn gbogbogbòò láti pinnu àwọn àwòrán tí yóò wà níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni bí ojú ewé náà ṣe rí lẹ́yìn gbogbo èyí. Lókè àyọkà, níbi tí a ti máa ń retí ojú ènìyàn, orúkọ Ànábì tí a fi ọnà kọ ní èdè Lárúbáwá ló wà, nítorí pé ọ̀nà yẹn gan-an ni àwọn Mùsùlùmí jákèjádò ayé fi ń ṣe àpọ́nlé rẹ̀ jù. Àwọn àwòrán inú ìwé àfọwọ́kọ kò pọ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà, nínú ìpín tí ìtàn wọn kàn. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ rí wọn, wọ́n ṣàlàyé fún un bí ó ṣe lè bò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kò sí apá tó rí gbogbo ohun tó ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ti kúrò lórí «ṣé kó wà tàbí kó má wà», ó ti di «èwo, mélòó, níbo, kí ni yóò sì ṣe fún òǹkàwé níbẹ̀». Ìbéèrè kejì yìí ni àwọn ènìyàn tí ìgbàgbọ́ wọn yàtọ̀ lè jọ dáhùn.

Ìlànà Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ sọ ọ́ kedere: àwòrán tó lè bí ènìyàn nínú kò gbọdọ̀ wà àfi bí yíyọ rẹ̀ yóò bá dín ìmọ̀ inú àyọkà kù, tí kò sì sí òmíràn tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Àṣẹ láti fi nǹkan hàn kò sọ ọ́ di dandan. Ní ọdún 2011, Wikimedia Foundation gbèrò láti ṣe ẹ̀rọ tí òǹkàwé yóò fi lè bo irú àwòrán tí kò bá fẹ́. Àwọn olóòtú Wikipéédíà Jámánì dìbò takò ó gidigidi, wọ́n sì pa èrò náà tì lẹ́yìn náà. Nítorí náà kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá wa dá ẹjọ́. Àwa olóòtú ni a ó jókòó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé awo Egúngún lobìnrin lè ṣe, awo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lobìnrin lè mọ̀, bí obìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e. Àwòrán Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní ìjà nínú: níta gbangba ni wọ́n ti ń jó o ní Nàìjíríà, Benin àti Togo, àjọ UNESCO sì ti fi í sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà àjogúnbá aráyé. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gbé àwòrán ohun ìkọ̀kọ̀ Orò wá, kí ni a ó ṣe? Èmi kò gbà pé kí a yọ ọ́ nítorí pé àwọn kan bínú, n kò sì gbà pé kí a fi í síbẹ̀ láti fi hàn pé kò sí ẹni tó lè pàṣẹ fún wa. Ohun tí mo máa bèèrè ni pé: kí ni òǹkàwé yóò mọ̀ láti inú àwòrán yìí tí ọ̀rọ̀ kò ti sọ fún un? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, kí a yọ ọ́. Bí ó bá wà, kí a sọ ohun náà lójú ewé Ọ̀rọ̀, kí a fi àwòrán náà sí ìpín tí ó ń ṣàlàyé, kí ó má ṣe wà lókè níbi tí yóò ti bá ẹni tí kò wá a lójijì.

Ìgbà mìíràn sì wà tí ìdáhùn tó dára jù ni pé kí àwòrán má sí rárá. Àwọn àyọkà lórí ẹ̀yà ènìyàn nínú Wikipéédíà Gẹ̀ẹ́sì máa ń ní, tẹ́lẹ̀ rí, ojú àwọn gbajúmọ̀ ẹ̀yà náà tí wọ́n tò pọ̀ sínú àpótí òkè. Ìjà lórí rẹ̀ kò lópin: ta ni ọmọ ẹ̀yà náà ní tòótọ́, obìnrin mélòó, ṣé eléré ìdárayá ni tàbí òǹkọ̀wé, kí ló dé tí wọ́n yọ ti ìlú wa. Ní ọdún 2016 wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú gbogbo irú àyọkà bẹ́ẹ̀. Ìpinnu ọlọgbọ́n ni. Kò sí ẹni tó lè fi ojú ogún ènìyàn ṣe àpèjúwe ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìbàdàn, ní Kétu, ní Bahia àti ní Lọ́ńdọ́nù, ibi tí a bá sì ti ń yan ojú ni a ó ti máa ka ẹni tí a kò yàn.

Ó wá ku bí a ó ṣe máa ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká mú àyọkà ìlú kan. Oníṣe kan fi àwòrán ààfin sókè. Èkejì yọ ọ́, ó fi ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà nílùú sí i. Ẹni àkọ́kọ́ dá a padà, ó sì kọ «àwòrán tèmi ló dára jù» sínú àkópọ̀ àtúnṣe, ìyẹn àyè kékeré tí olóòtú ti ń sọ ohun tó ṣe. Láti ibẹ̀ lọ, ogun ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tó kọ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ tí èkejì lè dáhùn àfi ìbínú. Ká ní ó kọ ọ́ báyìí ni: «Mo dá àwòrán ààfin padà, torí pé ìpín mẹ́ta nínú àyọkà dá lórí ààfin, a kò sì tíì dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà níbì kankan, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ojú ewé Ọ̀rọ̀.» Èkejì lè wá sọ pé òun yóò kọ ìpín kan lórí ilé-ẹ̀kọ́ náà, àwòrán rẹ̀ yóò sì rí ilé gbé síbẹ̀. Bí ìdí bá ti wà lákọsílẹ̀, ọ̀nà àbáyọ sábà máa ń tinú rẹ̀ jáde.

Wikipéédíà Gẹ̀ẹ́sì ní òfin pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ dá àtúnṣe padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójú ewé kan láàrin wákàtí 24. Ó tún ní ọ̀nà láti pe ẹnìkẹta tí kò sí nínú ìjà, àti ọ̀nà láti pe gbogbo àwùjọ wá dá sí i fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́. Àwa kò ní èrò tó bẹ́ẹ̀. Ènìyàn díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ déédéé lórí Wikipéédíà Yorùbá, ẹni kan tó bá sì bínú lọ, a lè máà rí ẹlòmíràn tó mọ ìtàn Èkìtì tàbí ewé àti egbò bíi tirẹ̀. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Nítorí náà mo dábàá pé kí tiwa le ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ: bí a bá ti dá àwòrán padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó wà bẹ́ẹ̀, kí a lọ sí ojú ewé Ọ̀rọ̀, kí a sì pe ẹnìkẹta lórúkọ láti wá wò ó. A kò ní ka ìbò níbẹ̀ o. Ẹni márùn-ún tó kọ «mo gbà» láìsọ ìdí kò tẹ̀wọ̀n tó ẹnìkan tó fi hàn pé wọ́n ya fọ́tò náà ní ìlú mìíràn.

Lẹ́yìn tí a bá parí rẹ̀, kí a kọ ìpinnu náà sókè ojú ewé Ọ̀rọ̀: ọjọ́ tí a ṣe é, àwọn àwòrán tí a gbé yẹ̀ wò, èyí tí a yàn àti ìdí rẹ̀. Àyọkà Ànábì Muhammad ní ojú ewé Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún àwòrán nìkan, pẹ̀lú ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tí àlejò máa ń bèèrè. Tiwa kò ní gùn tó bẹ́ẹ̀; ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó lórí àyọkà Mọrèmi tàbí ti ìlú kan. Bí ẹnìkan bá gbé fọ́tò mìíràn wá lọ́dún tó ń bọ̀, yóò bá ìdí tí a fi yan ti ìṣáájú níbẹ̀, yóò sì lè sọ fún wa ní pàtó ohun tí tirẹ̀ ń fi han òǹkàwé tí ti tẹ́lẹ̀ kò fi hàn án.